Ọwọ́ Ọ̀tún Thư àti Ìmọ́lẹ̀ Pupa Ìyá Wa, Khúc Thị Miên (1951–2023)

Ní Phan Thiết, ìlú etíkun kan ní Vietnam, níbi tí òórùn omi ẹja ti ń kí àlejò kí onílé tó kí i, ni wọ́n ti bí ìyá wa, Khúc Thị Miên, lọ́dún 1951. Bàbá wọn, Khúc Văn Sở, ló ń kan àgbá igi tí wọ́n fi ń rẹ ẹja pẹ̀lú iyọ̀, kí ó lè di omi ẹja tí a fi ń jẹ gbogbo oúnjẹ. Nígbà tí ìyá wa wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ọbẹ̀ gbígbóná dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ará ilé da omi ẹja sójú egbò náà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé etíkun wa ti ń ṣe. Àpá rẹ̀ kò kúrò lára ìyá wa títí wọ́n fi papòdà.

Wọ́n parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Sài Gòn lọ́dún 1972, wọ́n sì padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú wa. Lọ́dún 1974 ni wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, Kiều Văn Thạnh, apẹja, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí àwọ̀n bá ya. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìyá wa fi tọ́jú àwọn tí iná tàbí omi gbígbóná jó. Nígbà tí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ pupa dé wọ́ọ̀dù wọn lọ́dún 1991, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Wọ́n á fọ egbò, wọ́n á fi awò dúdú bo ojú aláìsàn, wọ́n á sì tan ìmọ́lẹ̀ náà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wíwú lè rọlẹ̀, kí awọ lè tètè bo egbò.

"Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu o," ni wọ́n máa ń sọ. "Omi tútù ló ṣíwájú, ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀lé e."

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ọdún tuntun Tết 1993 wọlé, ìyá wa wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí omi gbígbóná inú ìkòkò bánh tét, ìrẹsì tí a fi ewé dì sè fún ọdún, dà sọ́wọ́ ọ̀tún Thư, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá Nhạn, ìyá bàbá wa, sáré gbé ìgò omi ẹja tó dára jù nínú ilé, wọ́n sì dà á tán sí i. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, àmọ́ egbò náà burú sí i. Dókítà ní àwọn ìka náà lè má nà mọ́ láéláé.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Nhạn kò fi omi ẹja kan ẹnu mọ́. Nínú ilé tiwa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò jẹun ni. Nígbà tí wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ pupa tí ìyá wa tàn sí ọwọ́ Thư ní wọ́ọ̀dù, wọ́n figbe ta.

"Miên, ọwọ́ ọmọ nìyẹn o, kì í ṣe ẹja tí à ń sá!"

"Ìyá, ẹ jókòó jàre. Ẹ bá mi mú aago."

"Èmi? Èmi tí mo ba ọwọ́ ọmọ jẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni. Bó bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pariwo fún mi."

Ogójì ọjọ́ ni Ìyá Nhạn fi di aago náà mú. Ìyá wa ń tan ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń na ìka ọmọ díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì bá ìyá ọkọ wọn wí lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, Thư fi ọwọ́ náà mú igi méjì tí a fi ń jẹun, ó ki ẹja bọ inú omi ẹja, ó sì nà án sí ẹnu ìyá àgbà.

"Ìyá àgbà, ẹ jẹun o. Ẹ ti rù bí igi tí mo mú dání yìí!"

Ìyá Nhạn jẹ ẹ́, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí ìyá wa fẹ̀yìn tì lọ́dún 2006, gbogbo Tết ni wọ́n ń gbé garawa omi kiri àdúgbò, tí wọ́n ń kọ́ àwọn abiyamọ pé omi tútù ni kí wọ́n dà sí ibi tó bá jó. Bí wọ́n bá ti yọ, àwọn ọmọdé á pariwo, "Ìyá Omi Tútù ti dé, ẹ gbé omi ẹja pamọ́!" Wọn kì í sì í pa lílọ sí tẹ́ḿpìlì jẹ lọ́jọ́ òṣùpá àrànmọ́jú.

Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2023. Bàbá wa gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Đạt, Lộc àti Thư, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. A ń sunkún wọn. Thư ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà, ìka máràárùn-ún nà gbọọrọ, ó sì fi pa ojú wọn dé.

Ìyá Omi Tútù, kí ilẹ̀ tutù fún yín. Ẹ sùn re.