Ẹ̀rọ Amúlétutù Tá A Rà fún Màmá

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Adéòjó,
                                                  Ìgbógbó, Ìkòròdú,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Waliyah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ooru o, ẹ sì tún kú òjò, nítorí àwọn méjèèjì ló jọ dé lọ́dún yìí, ọ̀kan ò fún èkejì láyè. Ṣé dáadáa ni ìwọ àti Ṣàmsúdéènì ọkọ rẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da àbíkẹ́yìn rẹ láàmú ti lọ pátápátá? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé eékún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun lórí ìdúró? Mo mọ̀ pé aṣọ Iléyá á ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ báyìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́. Ní tiwa, ọpẹ́ ni. Ara wa le, kódà Mubashir ọkọ mi ti tún ń sanra padà, ó wá ń bá mi jà pé èmi ni mo rán ṣòkòtò òun há.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí fóònù pé ẹ ti parí ilé yín, àti pé kí n sọ èwo ló dáa nínú àwọn ẹ̀rọ amúlétutù tó kún ọjà, nítorí o gbọ́ pé àwa náà ti dolówó. Olówó wo? Ooru ló sọ wá di olówó ọ̀ranyàn! O tún bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ kiri ní Ẹ̀pẹ́, pé ìyá ọkọ mi fẹ́ padà wálé nítorí pé mi ò tọ́jú wọn. Waliyah, ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, kí o lè fara balẹ̀ kà á, kí o sì rí ohun tí o máa fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú lọ́jà ẹja nígbà ọyẹ́, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà bá lára wọn. Ó kìlọ̀ gidi pé wọn ò gbọdọ̀ jìnnà sí òun títí ẹ̀jẹ̀ náà á fi wálẹ̀, pé èéfín ẹja àti oòrùn ọ̀sán ti di èèwọ̀ fún wọn, àti pé bí wọ́n bá tún fi lè ṣubú bẹ́ẹ̀, ó lè yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀. Mubashir nìkan ni ọmọ tí wọ́n ní láyé. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àmọ́ yàrá tí a fún Màmá, páànù ló wà lórí rẹ̀, ó sì kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti di ọ̀sán, ààrò ni. Màmá á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, wọ́n á ní atẹ́gùn ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í bèèrè owó iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí a jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé àwọn.

Bí a ṣe pinnu láti ra ẹ́síì nìyẹn. Ṣé o mọ Mubashir, ìwọ kúkú lo mú mi mọ̀ ọ́n nígbà tá a jọ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá aránṣọ. Gbogbo nǹkan rẹ̀, ńlá ni. Tòkunbọ̀ oníhóòsì méjì ló lọ ń yẹ̀ wò, ó rí gàgàrà bíi pósí. Mo ní rárá o, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Yàrá tí kò ju bẹ́ẹ̀dì kan àti àpótí aṣọ lọ! Èyí tó tóbi jù á kàn tutù lójijì, á kú, á tún tan, iná á máa lọ lásán, yàrá á sì máa rin gbindin. Tuntun oníhóòsì kan la rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ínfátà, tó jẹ́ pé bí yàrá bá ti tutù, ó máa dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Kò pariwo, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Àmọ́ kí a tó gbé e wálé, mo ní kí káfíńtà tún àjà yàrá tó ti já ṣe, mo rán kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé, mo sì fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ náà, dí gbogbo ihò ilé rẹ kí o tó lọ sọ́jà.

Tìmílẹ́hìn, oníṣẹ́ ẹ́síì àdúgbò wa, ló bá wa so ó. Ọjọ́ tí a tan án, Màmá na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní ṣé bí ìlú òyìnbó ṣe rí rèé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò pẹ́ sí i, wàhálà dé. Láàárọ̀, ẹ́síì á tutù bí omi àmù. Tó bá di ọ̀sán, tí kálukú wa ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá á ní atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́, ó tiẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀. Tìmílẹ́hìn wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fọ asẹ́ inú rẹ̀, ó yẹ gáàsì wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Lóòótọ́, níṣojú rẹ̀, ó ń tutù. Bó ṣe lọ tán tí ọ̀sán pọ́n, ó tún di ti àná. Mubashir pè é lórí fóònù, ó sọ̀rọ̀ sí i débi pé ojú ti èmi tí mo jókòó tì í. Èmi náà ń bú àwọn oníná. Màmá nìkan ni ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń di ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní tó bá di Jímọ̀, kí ọmọ àwọn gbé àwọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mubashir bẹ̀ wọ́n títí, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀. Wọn ò gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀hún, mo tètè ti ṣọ́ọ̀bù kí n lè dágbére fún wọn. Òjò ti ń ṣú, mo bá sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ ká aṣọ tí mo sá. Àwọn ológbò àdúgbò ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gbójú sókè bí ọmọ kéú tó ń wo àfáà. Èmi náà wo ibi tí wọ́n ń wò. Yéè! Apá ẹ́síì tó ń gbé ìta, tó máa ń fẹ́ ooru jáde, mi ò rí ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi okùn so àwọ̀n irin mọ́ ọn lẹ́nu, ẹja ẹ̀pìà tí wọ́n là sí méjì sì kún ara àwọ̀n náà dẹ́múdẹ́mú. Màmá jókòó tì í, wọ́n ń yí ẹja.

Àṣé tí a bá ti jáde nílé, wọ́n á ra ẹja tútù lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé e kọjá láti Èbúté, wọ́n á tan ẹ́síì, wọ́n á fi yàrá sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ sá a, kí a tó dé, wọ́n á ti kó gbogbo rẹ̀ pamọ́! Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Wọ́n ní, "Lateefah, ooru tó dáa báyìí, ẹ kàn ń fẹ́ ẹ dà nù! Kò kúkú ní èéfín. Dókítà ò sì sọ pé n má sá ẹja." Oníṣòwò ẹja Ẹ̀pẹ́ wo ló máa rí ooru lásìkò òjò tó máa jẹ́ kó ṣòfò? Wọn ò kàn mọ̀ pé bí ooru ò bá rọ́nà jáde lẹ́yìn, òtútù ò lè wọlé níwájú.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ń sunkún. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti dé, mi ò jẹ́ kí àwọn gbálẹ̀, mi ò jẹ́ kí àwọn fọ abọ́, pé àwọn tí àwọn fi ẹja rán ọmọ níwèé ti wá di àlejò tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé bí ọwọ́ bá dá báyìí, ẹ̀mí náà ò ní pẹ́ dá. Ó dùn mí wọra. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ooru kọ́ ló ń lé Màmá, Waliyah, àìríṣẹ́ṣe ni.

Ibi tá a ti ń sunkún ni Mubashir wá bá wa. Ó wo ẹja, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹ́síì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tú àwọ̀n náà, kò sì pẹ́ tí yàrá fi tutù. Ó pe Tìmílẹ́hìn, ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìyẹn náà rẹ́rìn-ín títí. Ó wá bẹ Màmá pé kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i, wọ́n sì gbà títí Iléyá. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí káfíńtà kan àpótí kan, a fi àwọ̀n ẹ̀fọn yí i ká, a fi náílọ́ọ̀nù bo orí rẹ̀. Oòrùn ló ń gbẹ ẹja nínú rẹ̀ báyìí, eṣinṣin ò ríbi wọlé. Láàárọ̀, Màmá á jókòó síbòòji, wọ́n á máa la ẹja. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á wọ yàrá lọ sùn. Nígbà tí a padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀ débi pé ó bi mí pé oògùn wo la fi kún tòun. Mo ní ẹja ẹ̀pìà ni.

Nítorí náà, bí o bá ra tìrẹ, ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ ọ̀sà, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé apá tìta kọjú sí atẹ́gùn omi, iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń jẹ irin. Máa yọ asẹ́ inú rẹ̀ fọ̀ kí eruku tó dí i. Bí oníṣẹ́ kan bá sì ń sọ ní gbogbo ìgbà pé gáàsì ti tán, ní kó wá ibi tó ti ń jò. Gáàsì ẹ́síì kì í ṣe ti ìdáná tí a ń sè títí tó fi tán. Jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa mí, má sá aṣọ sí i, má sì jẹ́ kí ìyá Ṣàmsúdéènì gbọ́ ìtàn yìí, kí àwọn náà má lọ gbìyànjú ẹ̀!

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́ ni Màmá wọlé, wọ́n bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo dárúkọ rẹ. Wọ́n ní kí n bá àwọn rán ọ níṣẹ́ sí Oríyọmí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn lọ́jà ẹja. Kí o sọ fún un pé kó gba ìsọ̀ àwọn, ó ti di tirẹ̀. Ọ̀bẹ tí àwọn fi ń la ẹja nìkan ni kó gbé fún ọ, kí o bá àwọn mú un wá sí Ìkòròdú. Mo bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kí n yéé bi àwọn. Mubashir gbọ́ láti pálọ̀. Ó wọlé wá jókòó ti ìyá rẹ̀.

Bá mi kí Ṣàmsúdéènì, kí o bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ọlọ́run á mú gbogbo wa rí Iléyá láyọ̀.

Èmi ni, tìrẹ lójoojúmọ́,
Lateefah.