Bátìrì Tí Adinai Gbé Mì

Meerim, àbúrò ọkọ mi, mò ń gbé Adinai, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ mi kí n máa tọ́jú, lọ sí ọsíbítù. Àná ló bẹ̀rẹ̀ sí í rá, òwúrọ̀ yìí ló rá dé àárín àwọn ọmọ tó jù ú lọ. Erlan ló ké pè mí: "Àǹtí, ó ti gbé bátìrì kékeré inú mọ́tò ìṣeré mi mì!" Itọ́ ọmọ náà ti lẹ́jẹ̀ nínú.

Má nà Erlan o. Àwọn mẹ́ta yòókù wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà Sairakan, aládùúgbò wa. Lọ kó wọn, kí o fún wọn ní búrẹ́dì àti wàrà.

Mo pe ìyá Adinai títí, kò gbé e. Bó bá dé, má parọ́ fún un pé mo wà nítòsí àwọn ọmọ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ìta ni mo wà, mò ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà lórí fóònù.

Burulcha