Fáírọ́ọ̀sì Wọ Tẹlifísàn Tí Ohùn Ọkọ Mi Wà

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Iṣẹ́ tẹlifísàn títúnṣe lọkọ mi olóògbé ṣe. Láyé ọjọ́un, bí tẹlifísàn wa onípákó bá dákẹ́, á fẹ́ eruku inú rẹ̀, á ní, “Ìyá wọn, ara rẹ̀ ti yá.”

Èyí tọ́mọ wa obìnrin rà fún mi ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ló tọ́jú fídíò tí bàbá rẹ̀ ti ń kọrin sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìpolówó tá ò pè gba ojú tẹlifísàn náà kan. Ọmọ mi ní, “Màmá, ó ti kó fáírọ́ọ̀sì bíi kọ̀ǹpútà. Àfi ká pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́.”

Mo yọ wáyà. Kò síbòmíràn tí ohùn ọkọ mi kù sí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló lè lé fáírọ́ọ̀sì náà, kí fídíò má bá a lọ?