Góòlù tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ

Oxclough,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Stuart ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí òtútù Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ní ó ti wọlé. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí orí máa fọ́ ọ, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí òrùlé tí o wà lábẹ́ rẹ̀ má jò. Ara mi le, àfi orúnkún. Ológbò ti bí ọmọ mẹ́rin sínú àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ, mo sì fi wọ́n síbẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ń wá òòlù mọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Stuart. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mo ń bá a sùn, mo ń bá a jí. Wọ́n gba góòlù bàbá rẹ, mo sì fẹ́ kí wọ́n dá a padà.

O mọ̀ pé ní pápá Calderfold, bí ẹni tó ti ń wá wòran tipẹ́ bá kú, gbogbo èrò á dìde pàtẹ́wọ́ fún un ní ìṣẹ́jú tó bá iye ọdún rẹ̀ mu. Ìṣẹ́jú kẹtàléláàádọ́rin ni ti bàbá rẹ. Norman Entwistle, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó, èmi náà jókòó, àga bàbá rẹ sì ṣófo láàárín wa. Nígbà tí àkókò tó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn dìde fún ọkùnrin kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún páìpù omi ṣe. Àní Kieran Mulhall, ọmọ tó ń gbá iwájú fún wa, dúró gbagidi níwájú aṣọ́lé àwọn tí a ń bá gbá, ó yíjú sí ọ̀dọ̀ wa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ti gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Mulhall kọjá, tí ó wọlé. Norman dì mọ́ mi débi pé awò ojú mi já bọ́.

Àfi bí rẹfirí ṣe fi ìka sí etí. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn kan wà nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń wo fídíò, pé ọ́fúsáìdì ni, pé Mulhall kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó dí aṣọ́lé lójú, ó sì kópa nínú eré. Mo bi ọ́, eré wo? Ọmọ tó kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, tó ń pàtẹ́wọ́ fún òkú, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí o fi ránṣẹ́, mo sì rí i pé wọ́n fa ìlà pupa àti ìlà aró sórí koríko. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe ọkùnrin tó ń tọ́jú pápá, mo bi í ìdí tó fi jẹ́ kí àwọn àjèjì wá fi ọ̀dà kun koríko rẹ̀. Ó ní kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Wọ́n ti nù ún kúrò nìyẹn.

Mo wá kọ ẹ̀sùn sínú fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ. Kó tó gbà á, ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní kí n tọ́ka èyí tó ní iná tó ń darí ọkọ̀. Ó yé mi: ojú mi ni wọ́n ń dán wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá mo ríran dáadáa. Mo rí gbogbo rẹ̀, àní èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn igi, mo sì yege. Ṣé wọ́n dán ojú àwọn ará ilé fídíò wò bẹ́ẹ̀? Bí o bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, yà sọ́dọ̀ wọn, kan ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́, kí o sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́.

Nílé ẹja díndín Sandra, wọn kò sọ ohun mìíràn. Ẹnì kan ní aṣọ́lé yẹn kò lè mú bọ́ọ̀lù náà ká tilẹ̀ fún un ní àkàbà. Ẹlòmíràn ní Mulhall tín-ín-rín ju òpó góòlù lọ, kí ló fẹ́ dí? Sandra kọ ìwé ẹ̀sùn, àádọ́jọ ènìyàn ti fọwọ́ sí i, ó ní orúkọ opó ló yẹ kó wà lókè.

Norman nìkan ni kò fọwọ́ sí i. Ó wá sílé ní Ọjọ́bọ̀, mo po tíì fún un, ó ní aṣọ́lé kò rí bọ́ọ̀lù títí ó fi kọjá lára rẹ̀. Mo ní ọmọ náà kò ronú eré rárá. Ó ní òfin kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló ní, “Doreen, Clifford ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ì bá gbé àsíá sókè. Ṣebí ó gbé e fún ọmọ bíbí inú rẹ̀.”

Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Stuart, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyí tí a kò dárúkọ ọjọ́ yẹn nínú ilé yìí. Àṣekágbá ife àwọn ọ̀dọ́, bàbá rẹ di àsíá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń ran rẹfirí lọ́wọ́, ìwọ wà nítòsí aṣọ́lé nígbà tí bọ́ọ̀lù ẹnìkejì rẹ wọlé, bàbá rẹ sì ní o dí i lójú. Ẹ pàdánù ife. O bọ́ bàtà, o fi ẹsẹ̀ lásán rìn wálé, o kò sì bá a jókòó wo bọ́ọ̀lù mọ́ títí ó fi kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, ẹ̀yìn lo dúró sí, o sì bá ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ padà.

Mo ní kí Norman jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó ní bí àwọn méjèèjì ti ń wakọ̀ bọ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ sọ fún òun pé, “Mi ò rí i bóyá ó dí i lójú, Norman. Ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n á ní mo ṣe ojúsàájú fún ọmọ mi.” Ó bẹ Norman kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé òun fúnra òun yóò sọ ọ́ fún ọ.

Inú wá bí mi sí bàbá rẹ ju sí ilé fídíò lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi jókòó síwájú mi tó ń jẹ ọ̀dùnkún mi, tó ń wo àwo rẹ tí mo ń tẹ́ kalẹ̀ ní Kérésìmesì, tí kò sì la ẹnu. Lánàá mo lọ bá a wí lórí ibojì rẹ̀, débi pé àwọn tó wà nítòsí kúrò fún wa. Lẹ́yìn náà mo tún òdòdó rẹ̀ tò, nítorí afẹ́fẹ́ ti gbé e ṣubú.

Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, mo bi Norman bóyá o dí aṣọ́lé lójú lóòótọ́, nítorí ẹ̀yìn góòlù lòun dúró sí lọ́jọ́ náà. Ó ní rárá, ẹ̀gbẹ́ lo wà, ọmọ náà rí bọ́ọ̀lù kedere. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tí kò lè purọ́ láti tu opó nínú kò ní purọ́ fún ọmọ opó náà. Ní ti Mulhall, Norman ló ń ṣe àṣìṣe, mo sì ti fọwọ́ sí ìwé Sandra.

Àwọn ará pápá Calderfold fẹ́ orúkọ ẹni tí yóò ni àga bàbá rẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á tà á fún àlejò. Orúkọ rẹ ni mo kọ. Ìdajì owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìdajì yòókù di ọwọ́ rẹ, má sì fi í sórí ẹ̀rọ nítorí mi ò mọ ibi tó máa ń gbà jáde. Mú un wá fúnra rẹ.

Kí Ọlọ́run tọ́ ẹsẹ̀ rẹ, kí ọkọ̀ ojú irin má pẹ́, kí o bá mi láàyè. Góòlù ni, Stuart. Ó yẹ kí bàbá rẹ ti sọ ọ́. Góòlù ni.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí,
Doreen.