Àpótí Bàbá Mi Nínú Gíláàsì

Bàbá mi, Làmídì Gbẹ́nàgbẹ́nà ti Àgbowó, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ pákó. Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti inú òtútù. Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírá, ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo kọ èyí sí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ wà, mo dúpẹ́. Ibi ìpàtẹ àgbáyé ni mo wà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì kó ohun tó fẹ́ kí ayé fi mọ òun sínú rẹ̀. Ilé tiwa ni mo ń dúró sí, mo ń ṣàlàyé fún àlejò. Mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan kí n má gbọ́ Yorùbá, àfi tí mo bá ń bá ara mi jà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé àpótí ìjókòó dúdú kan dé. Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé ìjókòó ọba ni, ó ti pé igba ọdún, a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n nu eruku rẹ̀ kí wọ́n tó fi gíláàsì bò ó. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Họ́wù! Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n fi eruku pákó àti gọ́ọ̀mù dí.

Bàbá, èmi ni mo lu ihò yẹn. Ẹ kì í fi ìṣó irin kan igi, ìṣó igi lẹ máa ń lò, èmi ni mo sì lu ibi tí kò yẹ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ bú mi títí, ẹ wá dí i, ẹ ní igi tí a ti rà ní Bódìjà, a kì í jù ú nù. Alàgbà kan ló rà á, ó ní ọmọ òun tó ń gbé ní Olúyọ̀lé ló fẹ́ ẹ. Èmi ni mo gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀. Funfun ni igi náà nígbà yẹn.

Ta wá ló sọ ọ́ di dúdú? Mo rántí pé Ìyá sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀ ń gbé àpótí kọ́ sórí èéfín lẹ́yìnkùlé, pé àwọn kan ló ń kó wọn padà wá fún yín. A jọ rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín yẹn ti gbẹ lẹ́nu mi. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n kò dùn kéèyàn máa fura sí bàbá ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni, àbí wọ́n tan yín?

Mi ò gba ilé ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ níbí. Orílẹ̀-èdè tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa gbé igbó àti ẹyẹ tó ń ké kalẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn igi kan nínú igbó náà, ẹ̀rọ tó ń ké bí ẹyẹ ni mo bá níbẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ihò náà fún ọ̀gá mi. Ó ní kí n máa ka ohun tó wà nínú ìwé, pé ẹni tí kò bá lè kà á, kó máa lọ sílé.

Lánàá, ìyá arúgbó kan dúró pẹ́ níwájú àpótí yín. Ó ní ẹni tó ṣe é nífẹ̀ẹ́ igi, ó wá bi mí pé kí lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá mi wà nítòsí. Mo ní a kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá, èmi ọmọ yín ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń fura sí yín, èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi sẹ́ yín. Ìdí nìyí tí mo fi kọ orúkọ yín síbí, kí gbogbo ayé lè kà á. Bí wọ́n bá lé mi, mò ń bọ̀ nílé. Ẹ dárí jì mí, ẹ sì sọ òótọ́ èéfín yẹn fún mi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín máa le sí i. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn onípákó Bódìjà.

Èmi ni ọmọ yín tó lu ihò,
Múrítàlá.