Ọ̀sán Tí Idwal Wọnú Odò

                              12, Chapel Street,
                              Cwmderwen,
                              Gúúsù Wales.
                              9 Oṣù Kejì, 1984.

Dilys, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Eékún rẹ ńkọ́ nínú òtútù yìí? Trefor àtàwọn ọmọ ńkọ́? Mi ò lè parọ́ fún ọ. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Idwal ọkọ mi ni. O rántí bí gbogbo àfonífojì yìí ṣe máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ tó bá ń sá létí pápá. Lẹ́yìn tó gbá rọ́gíbì fún Wales, tó lọ gbá rọ́gíbì olówó, èyí tí wọ́n ń gbowó gbá, ní àríwá, ó tún wọ ẹ̀wù pupa Wales nínú ti olówó náà. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ rọ́gíbì ilé wa, tó ka gbígbowó sí èèwọ̀, ti ní kó má fẹsẹ̀ kan ilé ẹgbẹ́ mọ́. Haydn Rosser, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré, kò kí i mọ́. Idwal á ní kò dun òun. Ó dùn ún.

Ní báyìí, dókítà ní orí tó fi ń kọlu èèyàn lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ni kò jẹ́ kó rántí nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, mo lọ ra ẹran. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀, òun ò sí. Kùrukùru bolẹ̀, mi ò rí ilé ọ̀ọ́kán. Bẹ́ẹ̀ odò kún. Ilé Haydn ló sún mọ́ jù, ni mo bá lọ kanlẹ̀kùn. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi mú ẹ̀wù òjò rẹ̀.

Ẹ̀yìn pápá la ti rí Idwal. Omi ti mù ún dé itan, ó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ figbe ta, Haydn fọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó wá rọra pè é:

"Idwal, jáde níbẹ̀. Wọ́n ti fún wa ní bọ́ọ̀lù míì."

"Ìwọ náà lo jù ú síbí. Ọwọ́ ẹ ò gún rí láyé ẹ."

"Òótọ́ ni, kò gún. Máa bọ̀, wọ́n ń dúró dè ẹ́."

Bó ṣe yíjú báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, omi bò ó. Dilys, mo rò pé ó ti parí. Haydn bẹ́ sódò pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ tí kò dáa yẹn, ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ. Ilé ẹgbẹ́ ló gbé e lọ tààrà. Ọkùnrin kan fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Haydn ní, "Kúrò níbẹ̀. Mo ṣì lè gbá èèyàn ṣubú."

Níbi iná ni mo ti ń nu ẹ̀jẹ̀ iwájú orí Idwal. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wò mí lójú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Olwen pé mo forí gbá òkúta. Ẹ̀rù máa ń tètè bà á."

Mo ní mi ò ní sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà, tí ilẹ̀kùn bá ti dún, àyà mi á já. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n odò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ta ni kí n sọ ọ́ fún, bí kò ṣe ìwọ? Tí ààyè bá yọ, wá bá mi jókòó. Bá mi kí Trefor, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

                              Èmi ni tìrẹ, bí mo ṣe wà láti kékeré,
                              Olwen Pugh.