Ìyá Mi Ò Ná Ọjà Mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwa olùgbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi nítorí ẹnu àwọn ará ọjà. Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ á mọ̀ mí, torí kì í fi ètò yín ṣeré.

Aláró ni wá ní Ìtòkú. Láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi rẹ aṣọ, àpò wọn sì ni gbogbo owó ń wọ̀. Nígbà tí mo bí ọmọ kejì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dá dúró. Wọn ò bá mi jà. Mo gba ṣọ́ọ̀bù, mo ra ìkòkò aró tèmi. Owó tó bá wọlé, mo máa ń pín in: ti aṣọ funfun lọ́tọ̀, ti ṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀, ti oúnjẹ lọ́tọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi yà sọ́dọ̀ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n mú àdìrẹ kan, wọ́n ní èló ni. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ máa mú un lọ." Wọ́n ní, "Mo ní èló ni?" Mo wá fi ẹ̀rín pe owó gọbọi, kí wọ́n lè bú mi, kí wọ́n sì ná an. Olóòtú, ìyá mi tí í ná ata títí inú á fi bí aláta, wọ́n san gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ ibi tí mo lè pín owó yẹn sí. Ṣé kí n dá a padà ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gbà á bí ẹni gba ṣéńjì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá mi, bí ẹ bá ń gbọ́, iye tí mo pè ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá ná an.